Gílóòbù Ilé Ìkẹyìn

Láti ọjọ́ tí mo ti ti Amẹ́ríkà padà sí Ìsẹ́yìn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá yà kí mi ń bi mí. Wọn kì í bèèrè bóyá mo rí ilé gíga. Wọn kì í bèèrè bóyá òtútù mú mi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wo gílóòbù tó wà lókè orí wọn, wọ́n á ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé iná kì í lọ níbẹ̀?"

N kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ènìyàn. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ibẹ̀ dára." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, mo mọ̀. Nítorí náà mo jókòó ti tábìlì yìí láti kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, bí ìwé tí mo kà kò tilẹ̀ ju kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Ìdáhùn náà gùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ iná Amẹ́ríkà kan àdúgbò wa níhìn-ín, ó kan bàbá mi, ó sì kan ohun tí bàbá mi ní kí n má sọ.

Kí n tó lọ

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà ní New York, òun ni gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òun ló ra ẹ̀rọ yìnyín ńlá fún bàbá mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, èyí tó ń sọ omi di yìnyín gbọọrọ tí àwọn ẹlẹ́ja àti ọlọ́tí ń rà.

Ẹ̀yin aládùúgbò mọ ìyókù. Bàbá mi so ẹ̀rọ náà mọ́ tiransifọ́mà gbogbo wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iná ilé yín pupa bí epo, ẹ ò mọ ohun tó fà á. Nínú oṣù ààwẹ̀, nígbà tí yìnyín ń tà jù, tiransifọ́mà bú gbàù, a sì wà nínú òkùnkùn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ onílé. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé mi parí sí, nítorí owó ilé-ìwé mi bá owó tiransifọ́mà tuntun lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò mọ èyí. Ohun tí bàbá mi sọ fún un lórí fóònù ni pé àwọn aládùúgbò ń jowú òun, pé wọ́n pawọ́ pọ̀ dín iṣẹ́ òun kù. Láti ìgbà náà ni Àǹtí kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ àdúgbò wa sétí. Ẹ máa ń sọ pé ìgbéraga ló mú un tí kò fi wálé. Irọ́ tí wọ́n pa fún un ló mú un.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ rẹ̀, Sìsítà Ṣadé, ní kí n wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Bàbá mi sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Ó tún ìborùn mi ṣe lọ́rùn bí ẹni pé mo ṣì kéré.

"Mọ́rẹ́, tí Àǹtí rẹ bá bi ọ́ nípa ẹ̀rọ yìnyín, sọ pé o kéré nígbà náà."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ilé tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní súwíìṣì

Cambria Heights ni wọ́n ń pe àdúgbò Àǹtí. Kò jọ New York tí à ń rí nínú fíìmù. Ilé kéékèèké ni, olúkúlùkù jókòó sórí koríko tirẹ̀ bí ìyàwó tuntun lórí ẹní, kò sí ògiri, kò sí géètì, kò sì sí ènìyàn níta. Mo rò pé ìsìnkú kan ló kó gbogbo wọn lọ.

Àǹtí jókòó sí pálọ̀, ó ti rù. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní imú rẹ̀, ó gùn lọ síbi ẹ̀rọ kan tó ń mí hìì, hìì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́ sí i. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó kì mí.

"Àbẹ̀kẹ́. Ojú Àkànní lo gbé wá fún mi yìí."

Àkànní ni oríkì bàbá mi. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n bí ẹni pé ìrìn ló rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wa wá kí mi. Ọmọ Haiti ni, Mísíìsì Odette, obìnrin arúgbó tó ní irun funfun kúkúrú. Bí mo ṣe rí i, mo kúnlẹ̀. Obìnrin náà figbe ta, ó rọ̀ mọ́ mi lápá, ó ń gbé mi dìde. Ó rò pé mo ṣubú. Àǹtí ní, "Kò ṣubú, ó ń kí ọ ni." Mísíìsì Odette wò mí, ó wo ilẹ̀, òun náà wá tẹ orúnkún díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí a bá pàdé, àwa méjèèjì ló ń tẹ orúnkún, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo ṣe àṣìṣe mi ńlá. Kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe nílé: mo fẹ́ pa gbogbo nǹkan, kí iná má baà jó wọn tó bá dé pẹ̀lú agbára. Mo wá súwíìṣì lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, n kò rí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kò ní súwíìṣì. Ni mo bá kúkú yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: tẹlifíṣàn, mákíróweefù, fíríìjì. Mo tún pọn omi kún gbogbo korobá àti ọpọ́n ìwẹ̀.

Nígbà tí a dé, omi ẹja ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

"Àbẹ̀kẹ́! Ta ló yọ fíríìjì?"

"Èmi ni, Àǹtí. Kí iná má baà jó o tó bá dé."

"Tó bá dé? Ó lọ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, tó wá dé."

Ó wo fíríìjì, ó wo àwọn korobá. "O sì ti dá odò sílẹ̀ níbi ìwẹ̀. Ẹja yìí ì bá mọ̀, ì bá lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kí n má tún yọ nǹkan kan mọ́, pàápàá ẹ̀rọ òun. Ṣùgbọ́n kò ní kí n da omi inú korobá nù.

Ìrẹsì dúdú

Ẹ tilẹ̀ lè bi mí nípa oúnjẹ. Mísíìsì Odette máa ń se ìrẹsì kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Olú ni wọ́n fi ń se é, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sọ olú nù, wọ́n á fi omi dúdú rẹ̀ se ìrẹsì. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbé e wá, mo rò pé ó jóná, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán láti fi bo ìtìjú obìnrin náà. Ó tún bù ú fún mi. Nígbà tí yóò fi di ìgbà kẹta, èmi ni mò ń wo fèrèsé bóyá ó ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Sìsítà Ṣadé máa ń gbé mi lọ sí Grand Concourse ní Bronx, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà wà, láti ra gàrí àti irú. Òpópónà náà gùn, ilé rẹ̀ ga, àwọn ìyá sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nílé. Obìnrin tó ń ta gàrí wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Òkè Ògùn lọmọ yìí ti wá. Ẹ wò ó bó ṣe ń tọ́ gàrí wò kó tó dá iye rẹ̀." Orí mi wú. Mo ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó wò mí tó mọ ibi tí mo ti wá.

Ìdákẹ́jẹ́ ló nira jù fún mi. Ẹ kò ní gbọ́ igbe àkùkọ, ẹ kò ní gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Hìì, hìì ẹ̀rọ Àǹtí nìkan ni. Nísinsìnyí tí mo ti dé ilé, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi ń fà sí. Ẹ máà bi mí ìdí.

Ọ̀sán tí iná lọ

Àárín ìgbà ooru ni. Ooru tiwọn kì í ṣe ooru tiwa. Ó máa ń ti inú ọ̀dà títì wá, ó máa ń gbé nínú bíríkì. Mò ń ṣa ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì nígbà tí fíríìjì kérora, tó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ Àǹtí ṣe hìì kan, kò ṣe èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké: tíì, tíì, tíì.

Nígbà tí mo dé pálọ̀, ojú Àǹtí ti là. Ó nawọ́ sí igun yàrá, níbi tí sìlíńdà kan wà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ mi. Mo yọ ọ̀pá rọ́bà, mo so ó mọ́ sìlíńdà, mo yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí gáàsì. Mo ki aṣọ bọ omi inú korobá, mo fi lé e lọ́rùn. Mo já páálí kan, mo ń fi fẹ́ ẹ.

Mo wo fèrèsé. Gbogbo aládùúgbò ti jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé àdúgbò náà ní ènìyàn. Wọ́n dúró sórí koríko, wọ́n ń wo òpó iná bí ẹni ń dúró de ìdáhùn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí à ń ṣe tí iná bá lọ. Mísíìsì Odette nìkan ló sáré wá, ó di ọwọ́ Àǹtí mú.

"Báwo ni sìlíńdà yẹn ṣe máa pẹ́ tó?" ni ó bi mí.

Mo fi abẹ́rẹ́ kékeré inú díńgí rẹ̀ hàn án, èyí tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe kù hàn. Ó ń rọra lọ sápá ibi pupa. Àǹtí rí ojú wa. Ó ní, "Ẹ má wò ó mọ́. Bí ẹ bá wò ó, kò ní kún."

Oòrùn ń lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí fíríìjì tún kérora. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ síta. Mo pàtẹ́wọ́, mo hó yèè bí a ṣe ń hó nílé, èmi tí kò lè sọ̀rọ̀ lójú ènìyàn méjì. Gbogbo wọn yí ojú wò mí. Ó ku díẹ̀ kí ìtìjú pa mí. Ni Mísíìsì Odette bá dúró sí fàráńdà wa, ó pàtẹ́wọ́, òun náà hó. Ọkùnrin òdì-kejì náà hó. Àdúgbò náà hó tán.

Nígbà tí mo wọlé, abẹ́rẹ́ díńgí náà ti wà nínú pupa.

Lórí ọkọ̀ ojú omi

Sìsítà Ṣadé ń gbé ní St. George, ní erékùṣù Staten Island, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ewé igi ti ń pupa, ó mú mi wọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà ni a bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì tẹ́jú bí ọ̀nà tí kò ní òkè tí kò ní kòtò, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó sú òun.

A fara ti irin ọkọ̀. Iná ìlú ń tàn lẹ́yìn wa, wọ́n ń mì lórí omi.

"Mọ́rẹ́, mo ti bèèrè," ni ó wí. "Wáyà abẹ́ ilẹ̀ kan ló gbóná jù lọ́jọ́ tí iná lọ. Wọ́n ti tún un ṣe."

"Ẹ ṣeun, Sìsítà."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣé o mọ ilé kọ̀ǹpútà?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ, fọ́tò, fídíò, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, ibì kan ni wọ́n ń gbé. Ilé tó tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń gbóná, ẹ̀rọ mìíràn ń tù wọ́n lára. Ẹyọ kan lè jẹ iná bí odindi ìlú."

Ẹ̀rọ tó ń tu nǹkan lára, tó ń jẹ iná ìlú. Mo rí ti bàbá mi lójú mi, ó ní àwọ̀ búlúù, omi ń kán nídìí rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ kọ́ ọ̀pọ̀ sí i," ni ó ń bá a lọ, "lókè ìpínlẹ̀ yìí àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Wáyà ńlá kan náà ló so gbogbo wa pọ̀. Ta ló máa san owó wáyà tuntun? Tí iná kò bá tó, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa iná rẹ̀? Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ sọ. Ní báyìí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe òfin kan lórí bí wọ́n ṣe máa so àwọn ilé náà mọ́ wáyà. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i ní Washington ti ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́ wá."

"Ẹnikẹ́ni, Sìsítà?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Àlejò ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ lẹ́tà."

Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwọn ará àdúgbò pàdé nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á fọwọ́ sí. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Haiti àti Jàmáíkà náà wà. Bàbá Akínwálé ló darí ìpàdé. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ojú irin ni ó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Àbá kan wà nílẹ̀," ni Bàbá Akínwálé wí. "Ilé kọ̀ǹpútà tó bá gbà pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná òun nígbà tí iná kò bá tó, wọ́n á tètè so ó. Ṣé ká kọ ọ́ pé a fara mọ́ ọn? Ṣé ká ní kó di dandan?"

"Kí wọ́n má so wọ́n rárá!" ni obìnrin kan kígbe.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń wo fídíò nígbà ìwàásù?" ni Bàbá Akínwálé dá a lóhùn.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ pé àwọn ilé náà ń mú iṣẹ́ wá, kí a má dẹ́rù bà wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà Àǹtí gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé sìlíńdà rẹ̀ sún mọ́ ọn kí ó lè dìde.

"Ẹ mọ̀ pé mímí mi wà lọ́wọ́ iná," ni ó wí. "Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Aládùúgbò a máa fi owú pa iṣẹ́ ẹni. Àbúrò mi ní ẹ̀rọ yìnyín nílé. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àdúgbò pawọ́ pọ̀, wọ́n ní kó máa pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn. N kò fẹ́ ká kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà."

Ó jókòó. Mo rí orí tó ń mì káàkiri yàrá. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Òun ni nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìdajì wọn. Bàbá Akínwálé ń na bírò rẹ̀ sórí ìlà tó kọ àbá náà sí láti pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé, mo rántí bàbá mi bó ṣe ń tún ìborùn mi ṣe. Mo rántí abẹ́rẹ́ díńgí náà nínú pupa. Obìnrin yìí fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ohun tó lè gbà á là kúrò nínú lẹ́tà, nítorí irọ́ tí a pa fún un. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe owú."

"Kí lo wí?"

"Bàbá mi ló so ẹ̀rọ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló mú kí tiransifọ́mà bú. Gbogbo àdúgbò wà lókùnkùn, àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n ra òmíràn, wọn kò lé e. Wọ́n ní kó so ẹ̀rọ rẹ̀ padà."

Mo gbọ́ Sìsítà Ṣadé tó ń túmọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún Mísíìsì Odette.

"Wọ́n ní kó ra wáyà tirẹ̀ dé òpó," ni mo wí. "Wọ́n wá so gílóòbù kan sí fàráńdà Ìyá Rábì. Ilé Ìyá Rábì ló kẹ́yìn lórí wáyà náà. Tí iná kò bá tó, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń hàn. Tí gílóòbù Ìyá Rábì bá ti pupa, ẹ̀rọ bàbá mi á kú, yìnyín ìbáà dì, ìbáà má dì. Wọn kò jẹ́ kí bàbá mi máa wo gílóòbù náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wò ó. Èmi ni mò ń pa súwíìṣì."

Àǹtí ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

Bàbá Akínwálé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ọmọ tí kò lanu láti ìgbà ooru! Èyí lo fi sẹ́nu?" Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ta wá ni ilé ìkẹyìn níbí yìí?"

Mísíìsì Odette yí ojú sí Àǹtí, sí ọ̀pá rọ́bà tó wà ní imú rẹ̀. Olúkúlùkù náà yí ojú síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ nìyí, mo ti kọ́ ọ sórí: *Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá nìkan ṣe òṣùwọ̀n bóyá iná tó. Ẹ yan ẹlòmíràn tó máa wò ó. Ẹ wo gílóòbù ilé ìkẹyìn, tó bá ti pupa, kí ẹ̀rọ ńlá kọ́kọ́ kú.* Sìsítà Ṣadé fi í ránṣẹ́ sí Washington lórí kọ̀ǹpútà. Àǹtí ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ní kí n pe bàbá mi, kí n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o."

"Àkànní. Ìyá Rábì ńkọ́?"

"Ó ti papòdà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Gílóòbù rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ń gbọ́ àkùkọ ilé wa nínú fóònù.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ta wá ló ń pa súwíìṣì, tí Àbẹ̀kẹ́ wà lọ́dọ̀ mi?"

"Èmi ni. Wọ́n ti gbà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́, o wá gbé ẹ̀sùn lé àwọn ẹlòmíràn lórí. Gbogbo ọdún tí mo fi bínú sí wọn, ta ló máa dá a padà fún mi?" Ó mí, ẹ̀rọ náà mí pẹ̀lú rẹ̀. "Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣe yìnyín?"

"Ó ń ṣe é."

"Lónìí, kí o gbé yìnyín kọ̀ọ̀kan lọ sí gbogbo ilé tó wà lórí wáyà yẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ìyá Rábì. Sọ pé èmi ni mo ní kí o gbé e wá."

Ìdí nìyí, ẹ̀yin aládùúgbò, tí ẹ fi rí yìnyín lọ́jọ́ yẹn láìrí àlàyé.

Lẹ́yìn tó gbé fóònù kalẹ̀, ó na apá sí mi. "Wá, ọmọ tó ń pa súwíìṣì. Sún mọ́ mi. Báwo ni ọmọ kékeré ṣe ń mọ̀ pé gílóòbù ti pupa tó?" A sọ ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn títí a fi pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Padà sílé

Gílóòbù tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í pupa bí iná bá rẹ̀. Ó lè máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò, mo sọ èyí fún Mísíìsì Odette. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gòkè pẹ̀lú eruku lórí, ó mú gílóòbù àtijọ́ kan lọ́wọ́, èyí tó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló rà á. A so ó sí ẹ̀gbẹ́ àga Àǹtí. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin náà, ó tẹ orúnkún fún mi, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Iná máa ń lọ níbẹ̀. Kì í lọ bíi tiwa, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá lọ. Ìgbìmọ̀ Washington kò tíì sọ̀rọ̀ tán nígbà tí mo kúrò. Lẹ́tà wa wà lọ́dọ̀ wọn láàárín ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n máa wo gílóòbù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi máa ń pe New York. Kì í kí i tán kó tó bèèrè, "Ẹ̀gbọ́n mi, gílóòbù ńkọ́?" Àǹtí á sì dáhùn pé, "Ó funfun, Àkànní."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bèèrè, Àǹtí kò sì dáhùn. A gbọ́ hìì, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi dìde. Kí n tó mọ̀, ó ti dé ìdí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí súwíìṣì ẹ̀rọ yìnyín, ó ti fà á wálẹ̀.

"Ó funfun, Àkànní," ni ohùn Àǹtí wí. "Tíì ni mò ń mu."

Ẹ̀rọ yìnyín wa dákẹ́ nínú yàrá. Bàbá mi dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó tó tàn án padà.